Ooru inú gíà: Bí àwọn awakọ̀ Niger ṣe ń gba aṣálẹ̀ kọjá, láti ayé Citroën títí dé ayé Hilux

Igi gbígbẹ kan wà nínú ọgbà ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Boubou Hama nílùú Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Kò ní ewé, kò sì ní ìbòòji tó lè fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ kí wọ́n tó gbé e kúrò níbi tó hù sí lọ́jọ́ 8, oṣù Kọkànlá, ọdún 1973, òun nìkan ṣoṣo ni igi tó dá dúró láàárín aṣálẹ̀ Ténéré. Èèyàn lè rin nǹkan bíi 400 kìlómítà yí i ká kó má rí òmíràn.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbá a wó. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé awakọ̀ ọmọ Libya kan tó ti mutí yó ló wa ọkọ̀ náà.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ á fẹ́ rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilẹ̀ tó tẹ́ lọ salalu, igi kan péré, ọkọ̀ ṣì rí i kọ lù! Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò ṣèèṣì dé ìtòsí igi yẹn. Kànga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n gbẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1930, omi rẹ̀ sì jìn ju 30 mítà lọ sísàlẹ̀. Níbi tí omi bá wà nínú aṣálẹ̀ ni ọkọ̀ ń forí lé, torí pé bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ awakọ̀ náà ló ń gbẹ rédíétọ̀.

Ìtàn ọkọ̀ ní Niger, láti ìgbà àwọn Faransé títí di ayé píkọ́ọ̀pù tó ń kó èèyàn 30 lẹ́ẹ̀kan, ìtàn ooru ni. Ooru ẹ́ńjìnnì kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Tí ọkọ̀ bá ń hó, èéfín á yọ, gbogbo èrò á sọ̀kalẹ̀. Ooru inú gíà ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í kà sí, nítorí pé òun kì í pariwo. Ọjọ́ tó bá máa sọ̀rọ̀, ọkọ̀ ti kọ̀ láti gbé nìyẹn.

Kí ló ń mú gíà gbóná?

Ní Niamey lóṣù Kẹrin, ooru ọ̀sán máa ń kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí ọkọ̀ tó gbéra rárá, òróró inú gíà rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Iṣẹ́ gíà ni láti gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì kó sì gbé e fún táyà. Kò sí bó ṣe máa ṣe iṣẹ́ yìí tí díẹ̀ nínú agbára náà kò ní di ooru. Nínú gíà tí awakọ̀ ń fọwọ́ yí, irin tó ń yí mọ́ irin nínú òróró ló ń mú un gbóná, kọ́lọ́ọ̀ṣì sì ni olórí ìṣòro. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ ní àbọ̀ kí ọkọ̀ lè yọ nínú yanrìn, ojú kọ́lọ́ọ̀ṣì á máa ha, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn yẹn rí kò ní ṣì í mọ̀.

Gíà ọtọmátíìkì yàtọ̀. Láàárín òun àti ẹ́ńjìnnì, ohun kan wà tó dà bíi fáànù méjì tó kọjú síra wọn nínú ìkòkò òróró. Ẹ́ńjìnnì ń yí ọ̀kan, òróró tí ìyẹn ń tì ló sì ń yí èkejì. Bí ọkọ̀ bá ń sáré geere lójú títì, àwọn méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yí bákan náà, ooru kò sì ní pọ̀. Ṣùgbọ́n tí táyà bá rì sínú yanrìn tí awakọ̀ sì tẹná mọ́lẹ̀, fáànù àkọ́kọ́ á máa yí kíkankíkan nígbà tí èkejì dúró gbagidi. Gbogbo agbára tí kò rí táyà yí, inú òróró ló ń rọ́ lọ, ooru ló sì ń dà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti ba nǹkan jẹ́.

Ìwọ̀n tí òróró gíà ọtọmátíìkì fẹ́ràn kò ju bíi 80 sí 95 Celsius lọ. Tó bá ti kọjá 120, àwọ̀ rẹ̀ tó pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í di bíi ti kọfí, rọ́bà tó ń dí òróró mọ́nú á máa le, àwọn àwo tó ń di gíà mú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìṣirò kan tí wọ́n máa ń sọ: bí ooru bá ti kọjá ibi tó yẹ, gbogbo ìwọ̀n bíi 11 tó bá tún lé lórí rẹ̀ ń gé ọjọ́ ayé òróró náà sí ìdajì.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, páìpù kan máa ń gbé òróró gíà lọ sínú rédíétọ̀ kí omi tó wà níbẹ̀ lè gba ooru lára rẹ̀. Ẹ wo ìjàngbọ̀n tó wà nídìí ètò yìí. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń hó, gíà kò ní ibi tí yóò sá sí.

Ọdún 1939 ni General Motors gbé gíà ọtọmátíìkì Hydra-Matic jáde fún ọkọ̀ Oldsmobile ní Amẹ́ríkà, ó sì wọ inú ọkọ̀ ogun lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Ilé ayé tí wọ́n ṣe é fún ní títì ọlọ́dà àti òtútù. Yanrìn Ténéré kò sí nínú ìṣirò wọn.

Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń lọ

Lọ́jọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 1922, ọkọ̀ Citroën márùn-ún gbéra ní Touggourt lórílẹ̀-èdè Algeria. Georges-Marie Haardt àti Louis Audouin-Dubreuil ló ṣáájú wọn. Dípò táyà ẹ̀yìn, bẹ́líìtì rọ́bà ni ọkọ̀ náà fi ń rìn, ọgbọ́n tí Adolphe Kégresse dá nígbà tó ń tọ́jú ọkọ̀ fún ọba ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Lọ́jọ́ 7, oṣù Kìíní, ọdún 1923, wọ́n dé Timbuktu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi rin ìrìn tí ràkúnmí ń fi oṣù rìn.

Lọ́dún 1924, Citroën tún rán ọkọ̀ mẹ́jọ jáde. Wọ́n kúrò ní Colomb-Béchar lóṣù Kẹwàá, wọ́n gba ilẹ̀ Niger kọjá, wọ́n sì bá a lọ títí dé Madagascar lọ́dún 1925. Lẹ́yìn náà ni Berliet, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù láti Lyon, rán àwọn ọkọ̀ tirẹ̀ gba inú Ténéré láti oṣù Kọkànlá, ọdún 1959, sí oṣù Kìíní, ọdún 1960.

Ẹ kíyèsí àwọn oṣù wọ̀nyí. Oṣù Kẹwàá, oṣù Kọkànlá, oṣù Kejìlá, oṣù Kìíní. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbéra lóṣù Kẹrin tàbí oṣù Karùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan gééjì, kàlẹ́ńdà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣètò ooru ọkọ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń lọ, nígbà tí òwúrọ̀ aṣálẹ̀ tutù débi pé ẹni tó ń wakọ̀ á wọ aṣọ nípọn.

Oníṣòwò kò ní irú àǹfààní yìí. Ọjà kì í dúró de ọyẹ́.

Reluwé tó ti Cotonou wá dé Parakou lọ́dún 1936, ibẹ̀ ló sì parí sí. Láti Parakou sí Niamey ṣì ku nǹkan bíi 600 kìlómítà, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì ń rìn ín. Ẹ̀pà ń bọ̀ láti Niger, aṣọ, iyọ̀, ṣúgà àti sìmẹ́ńtì ń lọ láti etí òkun. Púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò Yorùbá tó tẹ̀dó sí Niamey mọ ojú ọ̀nà yẹn bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀: Parakou, Kandi, Malanville, kí wọ́n tó sọdá odò sí Gaya. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọọṣẹ́ awakọ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdí gíà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, láti mọ̀ bóyá ó ti tó láti sinmi. Tí èèyàn kò bá lè fi ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi ka ẹẹ́ta, ọkọ̀ kò ní kúrò níbẹ̀. Èyí ni gééjì àkọ́kọ́.

Nígbà tí Hilux dé

Ọdún 1968 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ta Hilux. Ọkọ̀ kékeré ni, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni máa fojú ọkọ̀ aṣálẹ̀ wò nígbà náà. Ohun tó jẹ́ kó gbilẹ̀ ní Sahel kò ju pé ó rọrùn láti tú, ó sì rọrùn láti tò. Mẹkáníìkì tó ní sípánà díẹ̀ lè sọ gíà rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi, kó tún un ṣe, kó sì gbé e padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́dún 1987, ní Chad tó múlé gbe Niger, gbogbo ayé rí ohun tí irú ọkọ̀ yìí lè ṣe. Àwọn ọmọ ogun Hissène Habré kó ohun ìjà sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù Toyota, wọ́n sì lé àwọn ọmọ ogun Libya tó ní ọkọ̀ ogun onírin kúrò ní Fada lóṣù Kìíní àti ní Ouadi Doum lóṣù Kẹta. Títí di òní, Ogun Toyota ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ooru ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ọkọ̀ tó ń sáré lórí ilẹ̀ líle ń fẹ́ atẹ́gùn sí ara rẹ̀, ó sì ń tutù bó ṣe ń lọ. Ọkọ̀ tó ń wọ́ lórí yanrìn rírọ̀, tí atẹ́gùn sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, kò rí atẹ́gùn gbà rárá. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ kan náà fi lè jagun ní Chad láìsí wàhálà, kó sì kú sójú ọ̀nà Dirkou.

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣe ìdíje mọ èyí dáadáa, wọ́n sì máa ń to gééjì oríṣiríṣi sínú ọkọ̀ wọn, ti omi, ti òróró ẹ́ńjìnnì àti ti gíà. Ìdíje Dakar kọjá ní Niger lọ́pọ̀ ìgbà. Lóṣù Kìíní, ọdún 2000, èyí tó yẹ kó lọ láti Dakar sí Cairo dúró lójijì ní Niamey nítorí ìhalẹ̀ ìkọlù. Àwọn olùṣètò wá gba bàálù akẹ́rù Antonov, wọ́n kó gbogbo ọkọ̀ náà lọ sí Sabha ní Libya. Ọkọ̀ tí wọ́n fi owó ńlá ṣe láti gba aṣálẹ̀ kọjá wá fò kọjá lórí rẹ̀!

Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù kan, ẹrù tọ́ọ̀nù méjì

Ní Agadez, wọ́n tún Hilux dá. Wọ́n fi kún sípíríǹgì ẹ̀yìn kó má bàa jókòó sílẹ̀. Wọ́n ń so kẹ́ẹ̀gì omi àti ti epo mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi àpò ìdọ̀họ wé ti omi, wọ́n á sì rẹ àpò náà kí omi inú rẹ̀ lè tutù. Wọ́n ń ki igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí àwọn tó jókòó létí, tí ẹsẹ̀ wọn ń fì síta, lè rí nǹkan dì mú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ilé iṣẹ́ ṣe irú píkọ́ọ̀pù yìí láti gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Èèyàn 30, tí a bá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn 60 kìlógíráàmù, jẹ́ 1,800 kìlógíráàmù. A ò tíì ka omi, a ò tíì ka epo, a ò tíì ka ẹrù.

Bí awakọ̀ tó mọṣẹ́ ṣe ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ là á já kò pamọ́. Ó máa ń tú atẹ́gùn inú táyà sílẹ̀ kó lè fẹ̀ lórí yanrìn, torí táyà tó bá rì ló ń fi ìyà jẹ gíà. Ó ń bọ́ sínú gíà kékeré kó tó dé ibi rírọ̀. Ó ń rìn lóru àti ní ìdájí, á sì sinmi lọ́sàn-án gangan. Tó bá fẹ́ dúró, á yí imú ọkọ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kò sì ní pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí fáànù lè máa fẹ́.

Tó bá jẹ́ ọtọmátíìkì ni, ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀, yálà ó ń gbé Niamey tàbí Ìbàdàn. Tí gíà bá ti gbóná, ẹ má ṣe pa ọkọ̀ ní kíákíá, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú D kí ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ẹ fi í sí P tàbí N, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí pọ́ǹpù lè máa gbé òróró gbígbóná lọ síbi tó ti ń tutù. Tí ọkọ̀ bá sì rì, ẹ mú ṣọ́bìrì kí ẹ tó tẹná.

Tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ òtútù

Ní Niamey fúnra rẹ̀, ìṣòro náà ti yí padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èbúté Cotonou ni tòkunbọ̀ tó ń lọ sí Niger ń gbà wọlé, púpọ̀ nínú wọn láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà àti Canada, ọtọmátíìkì ló pọ̀ jù. Ọkọ̀ tó lo ọdún mẹ́wàá nínú yìnyín dé síbi tí ilẹ̀ ń jó ẹsẹ̀, òróró tó bá a wá sì tún lè wà nínú gíà rẹ̀ síbẹ̀.

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ kò le. Wọ́n á mú rédíétọ̀ kékeré kan, èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn, wọ́n á gbé e síwájú rédíétọ̀ ńlá, wọ́n á sì darí òróró gíà gba inú rẹ̀ kí atẹ́gùn lè kọ́kọ́ kàn án. Ọjà Katako ní Niamey, bíi Ládípọ̀ ní Èkó, kò ṣàìní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá so ó dáadáa, ooru gíà máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá lo páìpù omi lásán, tí kì í ṣe èyí tó lè gba ooru òróró, á bẹ́ lójú ọ̀nà, gbogbo òróró á sì dà nù kí awakọ̀ tó mọ̀.

Gééjì náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Tí wọ́n bá ki ojú tó ń ka ooru sínú àwo tó wà nísàlẹ̀ gíà, ooru tó ń fi hàn ni ti òróró tó ti rọlẹ̀. Tí wọ́n bá fi sára páìpù tí òróró ń gbà jáde, ibẹ̀ ni ooru ti ń le jù, gééjì á sì fò sókè ní kété tí táyà bá rì. Awakọ̀ tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè rí 95 kó rò pé ara tu ọkọ̀, nígbà tó jẹ́ pé òróró tó ń jáde ti kọjá 130. Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lè fi ooru gíà hàn lórí fóònù nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun. Lójú tèmi, ó wúlò ju gíláàsì dúdú tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ náwó lé lọ.

Láti oṣù Keje, ọdún 2023, nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niamey tí wọ́n sì ti ẹnubodè pẹ̀lú Benin pa, ọ̀nà Cotonou kò rí bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Lẹ́yìn tí ECOWAS mú ìjìyà kúrò lóṣù Kejì, ọdún 2024 pàápàá, Niger kò ṣí ẹnubodè náà. Ọ̀pọ̀ ẹrù wá ń gba Lomé àti Burkina Faso, nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí àwọn ológun ń sìn. Ìrìn ọ̀wọ́ lọ́ra, ìdúró pọ̀, oòrùn sì ń pa wọ́n.

"Ọkọ̀ bàjẹ́"

Lóṣù Kẹwàá, ọdún 2013, wọ́n rí òkú èèyàn 92 nínú aṣálẹ̀ ní àríwá Niger, lójú ọ̀nà Algeria. Ọmọdé 52, obìnrin 33, ọkùnrin méje. Òùngbẹ ló pa wọ́n lẹ́yìn tí ọkọ̀ tó ń gbé wọn bàjẹ́. Niger fi ọjọ́ mẹ́ta ṣọ̀fọ̀ wọn.

Gbólóhùn kan náà ló máa ń wà nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀: "ọkọ̀ bàjẹ́". Bóyá kọ́lọ́ọ̀ṣì ló jóná, bóyá gíà ló kọ̀, bóyá omi ló tán nínú rédíétọ̀, ìròyìn kì í dé ibẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì nìkan ló máa ń béèrè.

Lóṣù Karùn-ún, ọdún 2015, ilé aṣòfin Niger gbé òfin 2015-36 kalẹ̀, tó sọ gbígbé àwọn aṣíkiri lọ sí Libya di ìwà ọ̀daràn. Lọ́dún 2016 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin náà gidi, wọ́n kó awakọ̀ sẹ́wọ̀n, wọ́n sì gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìpinnu òfin náà ni láti dá ẹ̀mí sí. Ohun tó ṣe sí ìwakọ̀ ni pé ó lé awakọ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ṣáájú òfin yìí, ọ̀wọ́ ọkọ̀ máa ń tẹ̀ lé àwọn ológun kúrò ní Agadez lọ sí Dirkou lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí gíà ọkọ̀ kan bá jóná, èrò á pín ara wọn sínú àwọn ọkọ̀ yòókù. Lẹ́yìn òfin, awakọ̀ tí kò fẹ́ kí wọ́n mú òun bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀bá, ó yẹra fún kànga torí pé ológun wà níbẹ̀, ó sì ń dá rìn. Ilẹ̀ tí kò sí ipa táyà lórí rẹ̀ ló máa ń rọ̀ jù. Kò tún lè yan òru tàbí ọ̀sán bó ṣe wù ú mọ́, ìgbà tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà ló gbọ́dọ̀ lọ.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún, ọdún 2017, ọkọ̀ kan bàjẹ́ láàárín Agadez àti Dirkou. Èèyàn mẹ́fà ló yè é, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn títí wọ́n fi dé abúlé kan. Àwọn 44 yòókù, tó fi mọ́ àwọn ọmọ ọwọ́, òùngbẹ pa wọ́n. Àjọ Red Cross ní Niger sọ pé ọmọ Ghana àti ọmọ Nàìjíríà ni púpọ̀ nínú wọn.

Lóṣù Kọkànlá, ọdún 2023, ìjọba ológun Niamey fagi lé òfin 2015-36. Láìpẹ́, àwọn Hilux tún bẹ̀rẹ̀ sí í tò lẹ́yìn ológun ní Agadez ní gbangba, igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi àpò ìdọ̀họ wé lára wọn. Níbi tí igi Ténéré wà tẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, igi onírin ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ dípò rẹ̀, kànga náà sì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.